Ìwé gbèsè ló tú àṣírí ẹ̀fọ́rí mi

Ọdún 19 rèé tí mo ti ń ta oògùn ní Ìgbó-Ọrà. Kẹ́mísì kékeré ni, kò ju yàrá kan lọ, ó dojú kọ ọ̀nà tí àwọn elégàrí ń gbà lọ sọ́jà. Ìlú ìbejì la wà. Bí ẹ bá dé àdúgbò wa tí ẹ ké pe "Ìyá Ìbejì", obìnrin mẹ́rin ni yóò bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe èmi ní "Ìyá Ìbejì Oníkẹ́mísì". Nínú gbogbo ohun tí mo ń tà, kò sí èyí tó ń yá bí oògùn ẹ̀fọ́rí. Oògùn ibà ní àsìkò tirẹ̀, oògùn ikọ́ ń yá nígbà ọyẹ́, ṣùgbọ́n ti ẹ̀fọ́rí kò mọ òjò, kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn. Èmi gan-an wà lára àwọn tó ń jẹ ẹ́ jù nínú gbogbo oníbàárà mi. N kò mọ̀ ni, torí pé ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù kì í kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú ìwé gbèsè.

Ọmọ ọdún 13 ni mí nígbà tó kọ́kọ́ mú mi, ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan oṣù mi. Àwọn àgbà kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó pè é ní túúlu, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní migraine. Ìyá mi ní in, ìyá tó bí ìyá mi náà ní in. Bí ìyá mi bá ti so gèlè mọ́rí pinpin lọ́sàn-án gangan tó sì ti ilẹ̀kùn, gbogbo wa ti mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gún iyán lọ́jọ́ náà. Tèmi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ẹyinjú òsì. Nǹkan kan á kọ́kọ́ máa kọ wíríwírí lójú mi, bí ìgbà tí oòrùn bá bọ́ sórí omi, fún bí ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ni orí á bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì, bí àyà ṣe ń lù ni òun náà ń lù. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ihò páànù wọlé á dà bí abẹ́rẹ́. Òórùn gàrí tí wọ́n ń yan, tí mo fẹ́ràn lójoojúmọ́ ayé, á wá máa rìn mí lára. Màá bì, màá sùn, ó lè tó ọjọ́ méjì. Tí mo bá jí lọ́jọ́ kẹta, ojú mi á mọ́ kedere bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe rí.

Ibẹ̀ ni ìyà rẹ̀ wà. Àìsàn tó ń lọ tó ń bọ̀, tí kò wú, tí kò ṣẹ̀jẹ̀, tí kò sì pani, ta ni yóò gbà pé àìsàn ni? "Ẹ̀fọ́rí lásán" ni wọ́n ń pè é. Tíṣà mi ní ọ̀lẹ ni mí. Wọ́n sín gbẹ́rẹ́ fún mi ní ẹ̀bátí méjèèjì, àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ dòní. N kò ní bú àwọn tó sín in, nítorí àwọn nìkan ló tiẹ̀ ṣe nǹkan kan nígbà náà. Wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àwọn ọjọ́ kan wà tí òwe yẹn kò dá mi lójú mọ́.

Ìgbà tí mo lóyún àwọn ìbejì nìkan ni orí mi sinmi, láti oṣù kẹrin títí mo fi bí wọn. Ìyá ọkọ mi ní àwọn ọmọ náà ló ń bá mi gbé e, pé wọ́n ti ń tọ́jú ìyá wọn láti inú. Mo gbà bẹ́ẹ̀, mo se ẹ̀wà, a pín in fún àwọn ọmọ àdúgbò. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí n tó gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ló ń rí fún ọ̀pọ̀ obìnrin onítúúlu. Èròjà ara tó ń ga tó ń wálẹ̀ bí nǹkan oṣù bá ń bọ̀ ló máa ń rú u sókè. Nínú oyún, kì í sí ìlọsókè-sódò yẹn mọ́. N kò tí ì sọ fún ìyá ọkọ mi. Ẹ̀wà àwọn ìbejì ṣì ń dùn lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ má rò pé torí pé mò ń ta oògùn ni n kò ṣe lọ sí ọsibítù. Mo lọ ní Ìgbó-Ọrà, mo lọ ní Abẹ́òkúta, mo lọ ní Ìbàdàn. Níbi tí mo bá dé, bí mo bá ti ní "Dókítà, orí ń fọ́ mi," bírò ti ń rìn nìyẹn: ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ibà àti taifọ́ọ̀dù. Oògùn taifọ́ọ̀dù tí mo ti jẹ láyé mi tó ti ẹbí mẹ́ta. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní Widal yẹn, ní ilẹ̀ tí taifọ́ọ̀dù ti wọ́pọ̀ bíi tiwa, ó lè ní àrùn wà lára ẹni tí ara rẹ̀ le koko, torí ohun tí ẹ̀jẹ̀ fi bá àrùn àtijọ́ jà ló ń rí, ó sì lè ti pẹ́ níbẹ̀. Ẹnì kan ní ojú mi ni, mo ra awò. Wòlíì kan ní ayé ni, mo gbààwẹ̀ ọjọ́ méje. Ààwẹ̀ náà ló burú jù, nítorí ebi wà lára ohun tó ń ta túúlu jí.

Èyí tó dùn mí wọra ni ti fọ́tò orí. Ilé ìwòsàn ńlá kan ló ní kí n lọ ṣe síkáànù. Owó èsúsú tí mo dá fún oṣù mẹ́wàá, tí mo fẹ́ fi gba yàrá kejì kún ṣọ́ọ̀bù, òun ni mo gbé lọ. Nàìjíríà la wà, àpò ara wa ni ọ̀pọ̀ jù lọ wa fi ń tọ́jú ara wa. Òfin adójútòfò ìlera ti 2022 sọ pé gbogbo èèyàn ni kó ní in, ṣùgbọ́n òfin náà kò tí ì kan ilẹ̀kùn mi. Nígbà tí èsì jáde, dókítà gbé e sókè sí iná, ó ní, "Madam, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kò sí nǹkankan níbẹ̀." Ó sì pe ẹni tó kàn.

Kò sí nǹkankan níbẹ̀! Mo ká fọ́tò náà mọ́ abẹ́ apá, mo wọkọ̀ padà sílé, orí sì ti gbéra kí a tó dé Ẹ̀rúwà.

Mo wá mọ̀ báyìí pé òótọ́ ló sọ. Túúlu kì í hàn nínú fọ́tò. Ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn ni dókítà fi ń dá a mọ̀: apá ibo ló ń fọ́, ṣé ó ń lù, ṣé ó ń múni bì, ṣé ìmọ́lẹ̀ àti ariwo ń dà á láàmú, ọjọ́ mélòó ló ń lò. Ìbéèrè bíi mẹ́fà ni, kò sí èyí tó nílò iná mànàmáná nínú wọn. N kò sì lè dá dókítà náà lẹ́bi tán, torí àwọn tó jókòó lẹ́yìn mi lọ́jọ́ náà kún dé ìta. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwádìí kan jáde ní 2011 nípa bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀fọ́rí káàkiri ayé. Wọ́n rí i pé nínú gbogbo ọdún tí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń lò ní yunifásítì, nǹkan bíi wákàtí 4 péré ni wọ́n fi ń kọ́ ọ nípa ẹ̀fọ́rí. Wákàtí mẹ́rin! Ọmọ tó ń kọ́ irun dídì lọ́dọ̀ aládùúgbò mi lo jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ṣùkú nìkan. Ìwádìí yẹn náà ló sọ pé nǹkan bí ìdajì àwọn tí orí ń fọ́ ló ń dá ara wọn tọ́jú. Ìdajì yẹn ni èmi mọ̀. Iwájú tábìlì mi ni wọ́n ń dúró sí.

Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn wá sí Ìbàràpá, kí wọ́n lè wá wo bí ará oko ṣe ń ṣàìsàn. Ojú wa ti mọ́ wọn. Ọ̀kan nínú àwọn dókítà tó ń bá wọn wá, ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ, wọlé wá ra omi lọ́dọ̀ mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo ti so gèlè mọ́rí. Ó bá mi níbi tí mo ti ń da hóró méjì sẹ́nu láìfi omi lé e.

"Ẹ kú iṣẹ́, Mọ́mì. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti jẹ ẹ́ lónìí?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni, Dókítà."

"Lánàá ńkọ́, mà?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ṣé ẹ máa ń ka ìgbà tí ẹ bá mumi ni?"

Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ ti lọ sórí ìwé gbèsè mi tó wà lórí tábìlì, ó ní ṣé mo lè jẹ́ kí òun wò ó. Ìwé náà kò dára wò, epo ti ta sí i, ṣùgbọ́n mo máa ń kọ ọjọ́, mo ń kọ orúkọ, mo sì ń kọ ohun tí wọ́n gbà. Ó ṣí i sí oṣù tó kọjá, ó ń fi ìka tọ ojú ìwé bọ̀ wálẹ̀. Ó kan Ìyá elégàrí. Ó kà á, ó tún un kà. Ọjọ́ 26 nínú 30 ni obìnrin yẹn ti gba oògùn ẹ̀fọ́rí lọ́wọ́ mi.

"Kí ló ń ṣe é?"

"Orí ni. Èéfín ni, ó ń yan gàrí."

"Tiyín dà nínú ìwé yìí?"

Mo ní ta ni èmi ń jẹ ní gbèsè? Ó ní kí n máa kọ ọ́ láti ọ̀la lọ, gbogbo hóró tí mo bá gbé mì, bí ẹni tí yóò sanwó. Ó ní òun ń padà bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

Mo kọ ọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé torí kí n lè fi hàn án pé kò pọ̀ ni. Ọjọ́ 23 ni. Nígbà tó padà dé, ó fà mí jókòó, ó sì ṣàlàyé ohun tí ẹnì kankan kò sọ fún mi rí láti ọdún tí mo ti ń ta oògùn. Oògùn tó ń pa ẹ̀fọ́rí, bí èèyàn bá ń jẹ ẹ́ tó ọjọ́ 15 nínú oṣù, tó ṣe bẹ́ẹ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ, òun gan-an á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹ̀fọ́rí. Èyí tí wọ́n lú oríṣi méjì mẹ́ta pọ̀ nínú rẹ̀, bíi ti àwọn tó ní kaféènì, ọjọ́ 10 lóṣù ti tó láti dá a sílẹ̀. Ẹni tó bá ti ní túúlu tẹ́lẹ̀ ló sì ń tètè mú. Orí á fọ́, o jẹ oògùn, á dẹ̀. Oògùn á tán lára, orí á tún béèrè tirẹ̀.

Àyà mi já. Kì í ṣe nítorí ara mi. Nítorí àpòpọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ kẹ́mísì Nàìjíríà, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Oníbàárà á dé, á ní "Ẹ bá mi po ti orí àti ara ríro," èmi á já hóró kan níhìn-ín, hóró méjì lọ́hùn-ún, pupa, funfun, olómi ọsàn, màá dì í sínú ọ̀rá kékeré. Èmi tí mo rò pé mò ń ṣàánú wọn.

Dókítà tún bi mí bóyá mò ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhóró. Mo ní rárá, mo kàn ń tà á ni. Ó ní obìnrin tí nǹkan bá ń kọ wíríwírí lójú rẹ̀ kí orí rẹ̀ tó fọ́, bíi tèmi, kò yẹ kó lo irú èyí tó ní èròjà ẹsitirójìn nínú, nítorí ó ń fi kún ewu rọpárọsẹ̀. Mo dákẹ́. Mo ń ka àwọn obìnrin tí mo ti tà á fún nínú ọkàn mi.

Ó ní kí n jáwọ́ nínú oògùn ẹ̀fọ́rí pátápátá fún ìgbà díẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá àkọ́kọ́, n kò fẹ́ kí ọ̀tá mi rí i. Orí náà burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo ń bì, n kò sùn, mo ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ. Bàbá Ìbejì ló jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń ta ọjà ní iye tí mo rà á gan-an, Ọlọ́run ló yọ wá. Lọ́jọ́ kejìlá, mo jí, mo gbọ́ tí àkùkọ ń kọ, n kò sì bú u. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé nǹkan ti yí padà.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kọ amitriptyline fún mi, ìdajì hóró lálálẹ́, èyí tó ń dènà túúlu kó má tilẹ̀ wá. Ó ní propranolol náà ń ṣiṣẹ́ yẹn dáadáa, àmọ́ ikọ́ fée ṣe mí ní kékeré, ẹni tó bá sì ní ikọ́ fée kì í lò ó. Oògùn tí mò ń wí yìí ti ju ọgọ́ta ọdún lọ láyé. Owó rẹ̀ fún oṣù kan kò tó ìdajì owó tí mò ń jẹ ní oògùn ẹ̀fọ́rí lóṣù kan. Ó ń mú kí ẹnu gbẹ, ó sì ń kun èèyàn lóorun, ṣùgbọ́n oorun ni mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí wá. Ìṣòro kan ni pé oògùn àwọn tí ọkàn wọn rẹ̀wẹ̀sì ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n sí. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi, nọ́ọ̀sì ni, rí páálí rẹ̀ nínú báàgì mi. Kó tó di alẹ́, ìyá ọkọ mi ti dé, ó jókòó, ó ní, "Ìyàwó mi, ṣé kò sí o? Ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ Àró?" Ó gbà mí ní wákàtí kan gbáko láti ṣàlàyé.

Oògùn yẹn, èmi kò lè tà á. Ìwé àṣẹ kẹ́mísì bíi tèmi kò gba oògùn tó ń fẹ́ ìwé dókítà, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: oògùn tó ń fa wàhálà, ẹnikẹ́ni lè rà á lọ́wọ́ mi láago mẹ́wàá alẹ́, èyí tó ń yọni, wọkọ̀, gba káàdì, jókòó dọ̀sán, kí o sì máa gbàdúrà pé kí ẹni tó máa rí ọ bi ọ́ ní ìbéèrè mẹ́fà yẹn.

Àbúrò mi obìnrin wà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Túúlu kan náà ló jogún. Nígbà tó bá mú un, ó ń lo sumatriptan, oògùn tí wọ́n ṣe dìídì fún túúlu, tó jáde ní 1991. Láti 2006, ẹ lè rà á ní ilé oògùn níbẹ̀ láìmú ìwé dókítà dání, wọ́n kàn máa bi yín ní ìbéèrè díẹ̀ ni. Èmi wá a lọ sí Ìbàdàn. Ilé oògùn àkọ́kọ́ ní àwọn kò gbọ́ ọ rí. Ìkejì ní ó ti tán, kò sì mọ ìgbà tí yóò dé. Ìkẹta ní in, owó hóró méjì sì ju èrè mi ọjọ́ kan lọ. Ní 2021 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kọ ọ́ mọ́ àwọn oògùn tó pọn dandan kí orílẹ̀-èdè ní. Ọgbọ̀n ọdún ló gbà á láti dé inú ìwé. Ti Ìgbó-Ọrà, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Dókítà ní kí n má sunkún. Ó ní aspirin tàbí ibuprofen, tí iye rẹ̀ bá péye, tí mo bá jẹ ẹ́ ní kété tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, tí mo sì fi oògùn tó ń dá èébì dúró tì í, ó ń ran ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́. Ohun tí èmi ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni kí n jẹ hóró kan, kí n máa wòye, kí n tún jẹ hóró kan. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú kò gbọdọ̀ dán an wò.

Ohun kan ṣì ń bí mi nínú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun, ọmọ Òkè-Mẹ̀sí, ọ̀gá nínú ìmọ̀ ọpọlọ ní Ìbàdàn tó kú ní 1995, ìlú wa yìí gan-an ni òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ka ẹ̀fọ́rí. Ilé dé ilé ni. Èèyàn tí wọ́n bi léèrè sún mọ́ 19,000, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1992: nǹkan bí èèyàn 5 nínú 100 ló ní túúlu. Ìyá mi ṣì rántí àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé ìwé kiri, tí wọ́n ń béèrè nípa orí, nípa wárápá. Ó ní òun sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí kan ti ìyá òun. Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè ní òun kò mọ̀ nípa wa. Wọ́n ti kà wá. Iṣẹ́ ńlá lọ̀jọ̀gbọ́n náà ṣe, torí nígbà yẹn àwọn kan láyé rò pé túúlu kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe aláwọ̀ dúdú. Àwọn tó yẹ kó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni mò ń bá wí. Wọ́n ka ìyá mi, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì tún fi gèlè so orí fún ọgbọ̀n ọdún sí i.

Ní ṣọ́ọ̀bù, mo ti ṣíwọ́ àpòpọ̀. Mo ń béèrè ọjọ́ mélòó lóṣù kí n tó ta oògùn ẹ̀fọ́rí. Tí wọ́n bá ní orí náà já lù wọ́n lójijì bí ààrá, tàbí pé ó wá pẹ̀lú ibà àti ọrùn tó gan, tàbí pé apá kan ara kú, tàbí ẹnu wọ́, tàbí pé aboyún ni, tàbí ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí orí kì í fọ́ tẹ́lẹ̀, n kò ta nǹkan kan, mo ń bá wọn pe ọlọ́kadà. Irú ìyẹn ni síkáànù wà fún. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́: ó ń ná mi. Àwọn kan ń fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Ìyá Ìbejì ti di agbẹjọ́rò, wọ́n sì kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì níbi tí wọn kì í ti í béèrè. Oògùn ẹ̀fọ́rí ló ń san owó ilé ìwé àwọn ìbejì tẹ́lẹ̀. Mo ti wá ń ta ọṣẹ àti pámpáàsì mọ́ ọn.

Ìyá elégàrí, mo bá a dé ọsibítù lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní ẹ̀gẹ́ ti dé, òun kò lè fi sílẹ̀ kó bàjẹ́. Oògùn tí wọ́n kọ fún un ń mú un tòògbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ẹ̀rù bà á, ó jáwọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbà láti máa dín ti ọwọ́ mi kù, a sì jọ ń kà á. Oṣù tó kọjá, ọjọ́ 9 ni mo kọ sí iwájú orúkọ rẹ̀. Ti oṣù yìí ti di 12, a kò sì tí ì parí oṣù. Orúkọ tèmi wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ 4. Ó ṣì jẹ mí ní 1,350 náírà. Mo ti fagi lé èyí tó jẹ́ ti oògùn ẹ̀fọ́rí. Ó ku ti ọṣẹ, ó ku ti pámpáàsì ọmọ-ọmọ rẹ̀, ìyẹn sì ni n kò ní fi sílẹ̀ fún un.